Ẹyọ Kan Náà, Okùn Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ohun Tí Owó Ẹyọ Kọ́ Wa Nípa Token



Inú àjọ ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Àwa méje la jọ ń dá a, dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá lóṣooṣù, a sì fẹnu kò pé USDT la ó máa fi dá a, kí owó wa má baà máa yọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ bí náírà ṣe ń yọ́. Nígbà tó kan ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, láti fi àádọ́rin dọ́là ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn láti kó o, ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ pé pérépéré, kò ṣi lẹ́tà kan. Fóònù rẹ̀ wá bi í léèrè: ERC-20, TRC-20 tàbí BEP-20? Ó wo èyí tí owó ìránṣẹ́ rẹ̀ kéré jù, ó tẹ BEP-20. Ibi tí ẹni tó ń gbà á ní àkáǹtì sí, ERC-20 nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Owó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń retí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn méjèèjì kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní, "Owó ò dé." Èkejì ní, "Mo ti fi ránṣẹ́, ẹ wá wo ẹ̀rí." Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì ti le.

Nígbà tí ọmọ Ìlá yìí lọ sílé fún ìsinmi, ó ro ẹjọ́ fún ìyá àgbà. Ìyá gbọ́ ọ tán, wọ́n bi í pé, "Ṣé owó náà sọnù ni, àbí ó wà níbì kan tí ọwọ́ yín ò tó?" Ó ní, "Ó wà níbì kan tí ọwọ́ wa ò tó, màmá." Ni ìyá bá wọ yàrá, wọ́n gbé igbá kan jáde tí owó ẹyọ wà nínú rẹ̀, èyí tí ìyá ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Tèmi nìyí. Ọwọ́ mi tó o, ṣùgbọ́n kò ṣeé ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wa dé inú ìtàn. Kí ló ń sọ nǹkan di owó tí ọwọ́ méjì lè jọ gbà? Kí ló sì ń mú kí owó wà, kí ó má ṣeé ná? Àwọn baba wa ti bá ìbéèrè yìí jìjàkadì kí kọ̀ǹpútà tó dé ayé.

Ìlànà wà nínú kíkà

Owó ẹyọ kì í ṣe ohun tí à ń ṣà nínú odò Ọ̀ṣun. Erékùṣù Maldives, láàrin Òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o wá. Díẹ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn Potogí, lẹ́yìn wọn àwọn ará Nẹ́dálándì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etíkun wa. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀: púpọ̀ nínú ẹyọ náà ni wọ́n fi ra ènìyàn. Bí a bá ń yin ọgbọ́n tó wà nínú owó ẹyọ, ká rántí àwọn tí wọ́n fi í rà.

Bí ẹyọ bá ti wọ ọjà, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé èyí wo ló kọ́kọ́ dé. Ẹyọ kan kò sàn ju èkejì lọ. Wọ́n á lu ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò, wọ́n á sín in sí okùn. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Okùn márùn-ún ni igba. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, tó jẹ́ ẹrù tí alágbàárù kan lè rù.

Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tó gbé ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà Yorùbá ní 1887. Ó ṣàlàyé pé kíkà owó ẹyọ ló ń fara hàn nínú òǹkà wa: a ó máa ṣa ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di òkìtì ogún, òkìtì ogún márùn-ún á di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Ẹ wo àwọn orúkọ náà fúnra yín. Ogójì ni ogún méjì, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, ẹgbẹ̀ta ni igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún ni igba márùn-ún. Bí a bá sì ní nǹkan pọ̀ ju kíkà lọ, a máa ń ní "ọ̀kẹ́ àìmọye". Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ ọ́ láìmọ̀ pé àpò owó ẹyọ là ń dárúkọ.

Nítorí náà, oníṣòwò láti Ìlá tó bá gba okùn kan lọ́wọ́ ará Ìjẹ̀ṣà tàbí ará Òṣogbo kò nílò láti mọ ìdílé onítọ̀hún. Wọ́n ti jọ gbà lórí ohun mẹ́ta: iye tó wà lórí okùn, bí a ṣe ń kà á, àti bí ó ṣe ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí à ń pè ní ìlànà nìyẹn. Ìlànà token náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹyọ kan náà, òǹkà ọ̀tọ̀

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ẹyọ yẹn kan náà kúrò nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ á yí padà. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó rí i pé wọn kì í sín ẹyọ sí okùn níbẹ̀ bí àwọn ará etíkun ti ń ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á. Mungo Park náà, nígbà tó dé ilẹ̀ Bambara ní 1805, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Mali lónìí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n bá ń ka ẹyọ, ọgọ́rin ni wọ́n ń pè ní ọgọ́rùn-ún.

Ẹ fojú inú wo oníṣòwò kan tó ní òun jẹ ẹnìkan ní ọgọ́rùn-ún ẹyọ. Lọ́nà ti ta ni? Ẹyọ kò yí padà. Erékùṣù kan náà ni ó ti wá, àwọ̀ rẹ̀ kan náà ni. Àdéhùn tó yí i ká ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ná an níbi méjèèjì ní láti mọ òǹkà méjèèjì, tàbí kó wá ẹni tí yóò bá a ṣẹ́ ẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ jẹ́ ká wá sí ayé tiwa.

Bí ERC-20 ṣe dé

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje ọdún 2015 ni Ethereum bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí blockchain ti Bitcoin, ìwé àkọsílẹ̀ ni, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, tí kò sẹ́ni tó lè dá nìkan pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè kọ ètò kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀, kó sì fi dá owó tirẹ̀ sílẹ̀. Owó tí a bá dá sílẹ̀ lórí blockchain ẹlòmíràn báyìí ni à ń pè ní token.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bó ti wu ẹnì kọ̀ọ̀kan ló lè kọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣe wallet gbọ́dọ̀ kọ́ èdè token kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí ẹni tó ń kọ́ òǹkà Kánò lónìí, tó ń kọ́ ti Bambara lọ́la. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni Fabian Vogelsteller, pẹ̀lú Vitalik Buterin, gbé àbá kan kalẹ̀. Nọ́ńbà ogún ni àbá náà jẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ERC-20.

Ohun mẹ́fà ni ìlànà yìí ní kí token kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Kó lè sọ iye gbogbo ara rẹ̀ tó wà láyé. Kó lè sọ iye tó wà lọ́wọ́ àdírẹ́sì kan. Kó lè ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Kí ẹni tó ni ín lè yọ̀ǹda fún ẹlòmíràn pé kó mú iye kan nínú rẹ̀. Kó lè sọ iye tó ṣẹ́ kù nínú ìyọ̀ǹda náà. Kí ẹni tí a yọ̀ǹda fún sì lè mú un. Ó parí. Kò sí níbẹ̀ pé kí token níye lórí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ pé kí ẹni tó dá a sílẹ̀ jẹ́ olóòótọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀kẹrin yẹn. Ìyọ̀ǹda dà bí ìgbà tí ẹ fún alájọ ní kọ́kọ́rọ́ kóló yín. Bí ẹ kò bá sọ iye tó lè mú, tí ẹ kò sì gba kọ́kọ́rọ́ padà, ó lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ja lólè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn fúnra wọn ló tẹ bọ́tìnnì ìyọ̀ǹda.

Àwọn tó ṣe blockchain mìíràn rí i pé ERC-20 dára, wọ́n sì wò ó ṣe. Tron ṣe TRC-20. Binance ṣe BEP-20 fún blockchain tó gbé jáde ní 2020, èyí tí à ń pè ní BNB Chain nísinsìnyí. Solana gba ọ̀nà mìíràn: dípò kí token kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀, ètò tí wọ́n jọ ń lò ló ń bójú tó wọn, SPL ni wọ́n ń pè é. Cardano ní tirẹ̀, láti 2021, kọ token mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ gan-an. USDT sì ń rìn láàrin wọn: orí Bitcoin ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ó dé orí Ethereum ní 2017, ó dé orí Tron ní 2019.

Ìlá méjì, Ọ̀ràngún méjì

Ọmọ Ìgbómìnà kò nílò àlàyé gígùn níbí. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ìlá-Ọ̀ràngún wà, Òkè-Ìlá-Ọ̀ràngún náà wà. Ọ̀ràngún ń bẹ ní Ìlá, Ọ̀ràngún ń bẹ ní Òkè-Ìlá. Orírun kan náà ni wọ́n ń pè, orúkọ oyè kan náà ni, ṣùgbọ́n ààfin méjì ni. Ìlá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, Òkè-Ìlá sì ni olú ìlú Ìfẹ́dayọ̀. Bí ẹ bá ní kí awakọ̀ bá yín gbé ẹrù lọ sí "ààfin Ọ̀ràngún", tó sì já a sílẹ̀ ní Òkè-Ìlá, kò purọ́, kò sì jalè. Síbẹ̀, ẹni tó jókòó dè é ní Ìlá kò ní rí i.

Bẹ́ẹ̀ ni USDT orí Ethereum àti USDT orí Tron ṣe rí. Orúkọ kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà ló dá wọn sílẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ méjì. Àdírẹ́sì Tron máa ń fi lẹ́tà T bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ fi owó ERC-20 ránṣẹ́ síbẹ̀, wallet máa ń kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé BNB Chain wo Ethereum ṣe, 0x ni àdírẹ́sì àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì yàtọ̀ síra rárá. Ibẹ̀ ni àádọ́rin dọ́là wa ti ṣìnà. Owó náà wà lórí àdírẹ́sì tí a kọ, àmọ́ lórí BNB Chain. Ká ní wallet ti ọ̀rẹ́ wa fúnra rẹ̀ ni, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá kàn yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, kó sì rí owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní àkáǹtì sí ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ohun tí ìyá àgbà sọ náà ni: ó wà níbi tí ọwọ́ wa ò tó.

Owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Láyé owó ẹyọ, ẹni tó ń gbé ọ̀kẹ́ mẹ́wàá rìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ san owó alágbàárù mẹ́wàá. Lórí blockchain, owó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ń ná nílé ni a fi ń san owó alágbàárù: ETH lórí Ethereum, TRX lórí Tron, BNB lórí BNB Chain, SOL lórí Solana. Ẹni tó ní USDT ọgọ́rùn-ún nínú wallet rẹ̀ lórí Tron, tí kò ní TRX kankan, ẹrù rẹ̀ lè wà nílẹ̀ láìrí ẹni gbé e.

Àrokò kì í ṣe owó

Ẹyọ tún ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnìkan, kò sanwó ọjà. Ẹ̀fà ni ó rán: ọkàn mi fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni: àwa méjèèjì jọra. Bí ẹyọ bá kọjú síra tàbí tí wọ́n kẹ̀yìn síra, ìtumọ̀ á yí padà. C. A. Gollmer kọ̀wé nípa irú àwọn àrokò bẹ́ẹ̀ ní 1885.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Lórí okùn ogójì, ẹ lè yọ ẹyọ kan kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bínú. Nínú àrokò, bí ẹ bá tú u tí ẹ sì tún un dì bó ti wù yín, ẹ ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohun kan náà, ìlànà méjì: ọ̀kan fún ohun tó ṣeé pààrọ̀ fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ohun tó dá dúró lọ́tọ̀. Àwọn tó ń lo Ethereum kò tètè rí èyí. Ìgbà tí eré CryptoKitties jáde ní òpin 2017, tí ológbò kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba pé ERC-20 kò tó. Ní oṣù kìíní 2018 ni wọ́n gbé ìlànà ERC-721 kalẹ̀, èyí tí à ń lò fún NFT. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún yẹn, ERC-1155 dé, tó gba ètò kan láyè láti di owó àti àrokò mú pọ̀.

Nígbà tí ẹyọ Zanzibar dé

Èyí ló dùn wá jù nínú ìtàn yìí, òun náà ló sì wúlò jù. Ẹyọ Maldives kéré, ó sì jìnnà. Ní nǹkan bíi 1845 ni àwọn oníṣòwò ará Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar àti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń rà á níbẹ̀, wọ́n sì ń fi í ra epo pupa níbí. Ọkọ̀ lé ọkọ̀ ni wọ́n ń já a.

Ṣé ó yege nínú ìlànà? Ó yege. Ó ṣeé lu ní ihò, ó ṣeé sín, ogójì ló ń jẹ́ okùn kan. Ilẹ̀ Yorùbá gbà á. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ẹyọ ń gbà wọlé, iye rẹ̀ já wálẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ìyá tó fi ogún ọdún tọ́jú ọ̀kẹ́ kan sínú ìkòkò kò pàdánù ẹyọ kan. Ó kà á, ó pé 20,000. Ohun tí ọ̀kẹ́ náà lè rà ni ó sọnù.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wá parí rẹ̀. Ní 1904 wọ́n fòfin de kíkó ẹyọ wọlé. Láti 1907 ni wọ́n ti ń rọ kọ́bọ̀ tó ní ihò láàrin, kí ó lè ṣeé sín sí okùn bí ẹyọ. Ọdún yẹn kan náà ni reluwé dé Òṣogbo. Ní 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa mánílà rẹ́ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní 1948 sí 1949, wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n sì san owó rẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹyọ. Bí igbá ìyá àgbà ṣe di ohun tí kò ṣeé ná nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2022, ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ láàrin ọjọ́ kan. Afárá kan wà tí wọ́n ń pè ní Wormhole, tó ń bá ènìyàn gbé owó láti Ethereum lọ sí Solana: ẹ ó fi ETH sílẹ̀ lápá kan, wọn yóò fún yín ní token tó dúró fún un lápá kejì. Olè kan rí ihò nínú ètò rẹ̀, ó sì dá irú token bẹ́ẹ̀ 120,000 sílẹ̀ láìfi ETH kankan sílẹ̀. Iye rẹ̀ tó nǹkan bí 320 mílíọ̀nù dọ́là. Token náà bá ìlànà Solana mu látòkè délẹ̀. Kò kàn sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn afárá náà ló fi owó ara rẹ̀ dí ihò.

Ohun tí a dì mú

Ìlànà ń sọ bí a ó ṣe kà á àti bí a ó ṣe gbé e fúnra wa. Kò sọ ẹni tó ń dá a sílẹ̀, iye tó ń dá sílẹ̀, tàbí ẹni tó lè dá a dúró. Ẹni tó dá USDT sílẹ̀ lè ti àdírẹ́sì kan pa, kí owó inú rẹ̀ má rìn mọ́. Ìjọba náà lè yí ọwọ́ padà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì 2021, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò. Ní oṣù kejìlá 2023, wọ́n tú àṣẹ náà ká. Ní àárín ìgbà náà ni wọ́n gbé eNaira jáde, ní oṣù kẹwàá 2021. Àwa tí a tò síwájú báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 nítorí náírà tuntun kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé owó lè wà lọ́wọ́ kí ó má ṣeé ná.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ni ẹni tó ń gbà á ń lò? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà? Ta ló dá token náà sílẹ̀, kí ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀? Ìyọ̀ǹda wo ni mo ti fún ẹlòmíràn? Bí owó bá pọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi dọ́là kan dán an wò.

Ní ti àjọ wa, ilé-iṣẹ́ náà dáhùn pé owó tí àwọn ó gbà láti wá a ju àádọ́rin dọ́là lọ. A jókòó, a pín àdánù náà sí méje, dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wa tó mọ ìyàtọ̀ náà lọ́jọ́ tí à ń ṣe àdéhùn. Àwọn méjì tó ń bínú ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. A sì ti kọ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sínú òfin àjọ, ní ìlà kìíní.

Bí ẹ bá délé, ẹ béèrè bóyá owó ẹyọ wà nínú igbá kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà kà á fún yín, ní márùn-ún márùn-ún. Ó dìgbà kan ná.